Àìsàn Kan Tí Mo Pín sí Ìlú Mẹ́ta

Láti ìgbà tí mo ti Kánò dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ẹni tó bá pàdé mi ní Ṣàgámù ń bá mi sọ: "Ìyá Dọ̀tun, ẹ mà sanra o! Kí ni wọ́n fún yín jẹ lọ́hùn-ún?" Mi ò sanra. Oògùn ló wú mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo ti ṣàlàyé fún ará ilé, mo ti ṣàlàyé fún ará ọjà, mo ti ṣàlàyé fún ọlọ́kadà tó ń wò mí nínú gíláàsì rẹ̀ dípò kó máa wo iwájú. Ó ti sú mi. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá tún bi mí, ìwé ni màá nà sí i, kí n lè ráyè ṣa obì mi.

Obì gbàǹja ni mò ń tà. Òun náà ni ìyá mi tà kó tó kú. Abẹ́ páànù kan ní Sábó ni àwa obìnrin mẹ́fà máa ń jókòó sí, a ó ṣa obì, a ó fi ewé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, a ó dì í, ọkọ̀ á sì kó o lọ sókè Ọya. Ihò tí kòkòrò ń gbà wọ inú obì kéré débi pé ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá dá ṣáká kò lè rí i. Obì kan tó bá ní kòkòrò lè ba apẹ̀rẹ̀ kan jẹ́ kó tó dé Kánò. Ojú mi yìí ni mo fi ń jẹun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á lọ.

Kí n tó gbéra

Ikọ́ ló kọ́kọ́ dé. Ikọ́ gbígbẹ ni, kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kò ní ẹ̀jẹ̀, ó kàn ń gbé mi ni.

Ẹni tó ń ta obì kì í wúkọ́ níwájú oníbàárà. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Tútù ni wọ́n ń jẹ obì, ẹnikẹ́ni kì í gbé e kaná. Láti ọwọ́ wa ló ń bọ́ sẹ́nu ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ò ń wúkọ́, tíbì ni wọ́n máa pè é, ọjà rẹ sì ti kú nìyẹn. Nítorí náà, bí ikọ́ bá ti fẹ́ gbé mi, mo máa ń dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀, màá lọ sẹ́yìn ògiri, màá fi ìborùn bo ẹnu. Gbàrà tí mo bá sì ti dìde ni Ìyá Tólú, tó dàgbà jù láàárín wa, máa ń gbé orin sókè, tí àwọn yòókù á gbè é. Ó máa ń bí mi nínú púpọ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé inú àwọn obìnrin wọ̀nyí mà ń dùn o, tí mo bá kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Nígbà tí ikọ́ náà kò lọ, mo gbé e lọ sí Òde Rẹ́mọ, lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì kan tí kò mọ̀ mí rí. Orúkọ ìyá mi ni mo fún un. Ó ta oògùn ikọ́ fún mi, ìgò kan, ìgò méjì, ìgò mẹ́ta. Nígbà tó yá, ó ní kí n lọ yẹ itọ́ mi wò fún tíbì. Mo lọ, pẹ̀lú orúkọ ìyá mi náà. Wọn ò rí tíbì kankan. Mo jó wọlé lọ́jọ́ náà. Kò sí tíbì, nítorí náà kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí. Òmùgọ̀ ni mí.

Lẹ́yìn èyí, ẹsẹ̀ mi. Àwọn kókó kan yọ níwájú ojúgun méjèèjì. Wọ́n pọ́n, wọ́n gbóná, wọ́n ń dùn mí bí eéwo, ṣùgbọ́n wọn ò ní ojú. Ọrùn ẹsẹ̀ mi náà wú. Ẹsẹ̀ yìí, Ìkẹ́nnẹ́ ni mo gbé e lọ, sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta àgbo àti ìpara. "Làkúrègbé ni," ìyá náà wí, kò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fún mi ní ìpara kan tó ń ta bí ata rodo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn kókó náà rọlẹ̀, wọ́n di àpá dúdú bí ojú ibi tí wọ́n ti fi pàṣán na ènìyàn. Ìyá náà gba ògo rẹ̀. Ṣé mo sọ fún un pé mò ń wúkọ́? Rárá o. Ẹsẹ̀ ni mo gbé wá.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀, ojú. Ó pọ́n, ìmọ́lẹ̀ ń gún un, nǹkan wá ń ṣe bàìbàì lójú mi, pàápàá ojú òsì. Àpọ́lò ni gbogbo ayé pè é. Ẹ gbà mí, àpọ́lò wo ló ń lo oṣù mẹ́rin lójú ènìyàn? Mo lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ṣàgámù fún èyí. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ dáadáa, bi mí pé, "Màámi, ṣé nǹkan mìíràn ń ṣe yín?" Mo wo ojú rẹ̀, mo rántí pé àǹtí rẹ̀ ń ta obì ní ojúlé kejì sí tiwa. Mo ní, "Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi." Ó fún mi ní oògùn ojú tí wọ́n ń kán, ó sì sọ pé kí n padà wá tí kò bá lọ. Mi ò padà.

Ẹ ò rí i? Ikọ́ wà ní Òde Rẹ́mọ, ẹsẹ̀ wà ní Ìkẹ́nnẹ́, ojú wà ní Ṣàgámù. Àárẹ̀ tó ń mú mi láti òwúrọ̀ ni mo pè ní ọjọ́ orí. Ẹran ara tó ń gbẹ lára mi, mo ní ìrònú ni. Àpá kan sì wà ní apá mi ọ̀tún, ibi tí ọ̀bẹ ti ṣá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin tí mò ń la obì pẹ̀lú ìyá mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àpá yìí ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣàdédé ló tún wú, tó pọ́n, àfi bí ẹni pé àná ni ọ̀bẹ náà ṣá mi. Ìyẹn, mi ò gbé e lọ síbì kankan. Mo wọ bùbá alápá gígùn.

Níbi tí mo wà nìyí tí Àlájì Múntárì fi pè mí láti Kánò. Oníbàárà ìyá mi ni, kó tó di tèmi. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Ìyá Dọ̀tun, obì yín ní kòkòrò. Ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé." Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, èmi fúnra mi ni mo ṣà á. Ó ní, "Ẹ wá wò ó."

Wọ́n ń béèrè àárẹ̀

Àkókò ọyẹ́ ni mo wọ Kánò. Ọ̀run àti ilẹ̀ dà pọ̀, eruku ni gbogbo rẹ̀, ètè mi ya kí n tó sọ̀kalẹ̀. Mo ti ń múra ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún Àlájì láti ojú ọ̀nà, mo ti ń jà nínú ọkàn mi. Mo débẹ̀, kò sẹ́ni tó bá mi jà. Àlájì bọ́ sí ìta, ó tẹrí ba, ó kí mi pẹ́ títí, ó béèrè gbogbo ará Sábó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ní kí n wọlé lọ bá àwọn obìnrin, kí n sinmi. Mo ní, "Obì ńkọ́?" Ó ní obì wà níbẹ̀, kò ní sá. Ẹni tó bá fẹ́ bá ènìyàn jà mọ ohun tí irú ìyẹn ń ṣe sí ọkàn.

Ìyàwó rẹ̀, Hájíyà Rákíyà, Sábó tiwa níbí ni wọ́n bí i sí. Yorùbá ló fi ń bú ewúrẹ́ inú ilé rẹ̀. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ìyá Dọ̀tun, ẹ ti rù o! Ṣé wọn ò jẹun mọ́ ní Ṣàgámù ni?" Ó gbé igbá fúrá fún mi, omi wàrà tútù tí wọ́n po ọkà mọ́. Ó kan. Mo ní ó dùn. Lálẹ́, wọ́n gbé túwó àti míyàn kúkà dé, ọbẹ̀ ewé kan tó ń yọ̀ ju ilá lọ, tí kò sì ní ata tó lè mú ènìyàn ṣẹ́jú. Abọ́ kan ni gbogbo wa kó ọwọ́ sí. Ẹni tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ ń já ẹran sí iwájú mi, bí mo bá jẹ ọ̀kan, á tún já òmíràn, kò wojú mi. Inú ń bí mi pé mi ò lè rí àyè bínú. Kí n má parọ́, nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, èmi fúnra mi ni mò ń béèrè míyàn kúkà.

Ohun tó fẹ́ sọ mí di wèrè ni ìkíni àárọ̀ wọn. Wọ́n á béèrè bí o ṣe jí, wọ́n á béèrè ilé, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ, wọ́n á wá béèrè àárẹ̀: "Ina gajiya?" Ìyẹn ni pé, àárẹ̀ ńkọ́? Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà fún un: "Ba gajiya," kò sí àárẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dáhùn lọ́nà mìíràn. Hájíyà kọ́ mi lọ́jọ́ kìíní, mo sì ń wí i. Mo ń gun àtẹ̀gùn mẹ́rin péré tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, èémí mi ń gé, mo ń di ògiri mú, obìnrin kan á yọjú, "Ina gajiya?" Èmi náà á ní, "Ba gajiya." Irọ́ ńlá láàárọ̀ kùtùkùtù.

Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ṣe mí lóore kan. Gbogbo ará ilé ló ń wúkọ́ nítorí eruku. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún kan ó lé, mo wúkọ́ níbi tí mo jókòó sí.

Wọ́n tú apẹ̀rẹ̀

Lọ́jọ́ kẹta ni Àlájì ní kí wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ obì mi wá. Ó tẹ́ ẹní, ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí n ṣà á.

Mo ṣà á. Mo fara balẹ̀, mo ń yí obì kọ̀ọ̀kan sí ìmọ́lẹ̀ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Nígbà tí mo ṣe tán, mo ní kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Àlájì, bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tẹ̀ síwájú. Ó mú ọ̀kan nínú èyí tí mo ti ṣà tán, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi. Ó mú òmíràn. Ó ń tò wọ́n lọ bẹ́ẹ̀ títí tí wọ́n fi kọjá orúnkún mi lọ sí ẹ̀yìn. Mo gbé ọ̀kan súnmọ́ ojú ọ̀tún mi dáadáa. Ihò náà wà níbẹ̀. Mo gbé e sí ojú òsì. Mi ò rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni mi ò rí obì náà fúnra rẹ̀ dáadáa.

Ó wù mí kó bú mi. Ká ní ó bú mi ni, mi ò bá bú u padà. Ó kàn ní, "Obì kọ́, Ìyá Dọ̀tun. Ojú yín ni." Ó dìde, ó lọ kí ìrun.

Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Hájíyà yọjú sí yàrá mi bó ti máa ń ṣe. "Ina gajiya?" Inú bí mi. Oníbàárà tí mò ń tìtorí rẹ̀ pa ikọ́ mọ́ra ti rí obì mi tán. Kí ló kù tí mò ń fi pamọ́?

Mo ní, "Akwai gajiya." Àárẹ̀ wà.

Obìnrin tó ń gún ọkà nínú àgbàlá dáwọ́ odó dúró. Hájíyà wọlé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Láti ìgbà wo?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè dúró mọ́. Mo ká ìró sókè, mo fi ojúgun hàn án. Mo ká apá bùbá, mo fi àpá hàn án. Ó ní, "Ẹ dìde. Ẹ múra."

Lọ́dọ̀ dókítà

Dókítà náà jẹ́ obìnrin, ọmọ ìlú náà, kò tíì pé ogójì ọdún lójú tèmi. Hájíyà ló ń túmọ̀ fún wa, ó sì ń fi tirẹ̀ kún un. Bí mo bá sọ gbólóhùn kan, òun á sọ mẹ́rin. Dókítà gbà wá láyè. Bébà kan ló mú, kò mú méjì. Ó kọ ikọ́ sí i, ó kọ ẹsẹ̀, ó kọ ojú, ó kọ àpá, ó kọ àárẹ̀, ó kọ ara tó ń gbẹ. Ó tẹ ọrùn mi, ó rí àwọn kókó kéékèèké tí èmi alára kò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ó bi mí bóyá òógùn máa ń bò mí lóru. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ooru ni mo pè é.

Ó ní, "Ta ló ti rí gbogbo èyí pa pọ̀ rí?"

Mo ní kò sí. Ó bi mí ìdí rẹ̀. Mo sọ fún un nípa obì, nípa Òde Rẹ́mọ àti orúkọ ìyá mi, nípa ìpara Ìkẹ́nnẹ́, nípa nọ́ọ̀sì tí àǹtí rẹ̀ wà lọ́jà wa. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó fajú ro. Ó ní gbogbo àwọn tí mo lọ bá ni mo fi nǹkan díẹ̀ hàn, kò sẹ́ni tí mo jẹ́ kó rí èmi fúnra mi.

Wọ́n ya fọ́tò àyà mi. Wọ́n tún yẹ itọ́ wò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gé ẹran bíńtín lára àpá tó wú lápá mi, wọ́n ní kí n máa retí èsì. Mo fi ọjọ́ púpọ̀ retí rẹ̀ ní ilé onílé, mò ń jẹ túwó, mò ń ka ewúrẹ́. Nígbà tí èsì dé, orúkọ tí dókítà pe àìsàn náà gùn ju ojú ọ̀nà Kánò lọ: sàkóídósíìsì. Ó ní àwọn ohun tó ń gbèjà ara ni wọ́n ń kóra jọ síbi tí ìjà kò sí, tí wọ́n ń di kókó wẹ́wẹ́. Nínú ẹ̀dọ̀fóró ni ó sábà máa ń pọ̀ sí jù, ṣùgbọ́n ó lè wà nínú ojú, ní awọ ara, ní oríkèé, kódà lójú àpá àtijọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń fà á gan-an. Ó ní ó máa ń jọ tíbì débi pé àwọn dókítà pàápàá máa ń ṣì í mú.

Mo ní, "Ṣé ó ń ràn?"

Ó ní, "Kì í ràn."

Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Hájíyà bá mi bi í lẹ́ẹ̀kan. Kì í ràn rárá. Ọdún kan ó lé ni mo fi ń sá lọ sẹ́yìn ògiri, nítorí ohun tí mi ò lè kó ran ewúrẹ́ Hájíyà pàápàá. Orí mi gbóná. Èmi ni mo bínú sí, kì í ṣe ẹlòmíràn.

Mo wá béèrè ojú. Dókítà olójú tí wọ́n mú mi lọ bá ti wò ó. Wọ́n ní oògùn yóò gba ọ̀tún là. Òsì, àpá ti wà nínú rẹ̀. Díẹ̀ lè padà, kò lè padà tán. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé mo tètè wá ni. Mi ò jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀.

Mo bọ́ sí ìta, mo jókòó sórí àga gígùn tó wà níbẹ̀, mo sunkún lójú gbogbo ayé. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí wá jókòó tì mí. Kò bi mí ní ohunkóhun. "Sannu," ló ń wí, "sannu," bí wọ́n ṣe máa ń kí ẹni tí nǹkan ń dùn, ó sì ń wí i títí ẹkún mi fi tán. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nílé

Àlájì di èso dábínò àti kílíṣí, ẹran gbígbẹ wọn, fún mi títí apá mi kò fi ká a. Ó ní òun ṣì ń ra obì mi, ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn máa bá mi wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Mo lọ sí ilé ìwòsàn ní Ṣàgámù pẹ̀lú gbogbo ìwé tí wọ́n fún mi, mo lọ bá nọ́ọ̀sì ọjọ́ náà, mo ní, "Ọmọ mi, bi mí léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i." Ibẹ̀ ni mo ti ń gba oògùn báyìí. Ikọ́ ti fúyẹ́, èémí mi ti ń balẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti wú. Ẹ ti mọ ìdí rẹ̀ wàyí. Ẹ̀yin tí ikọ́ gbígbẹ yín kò lọ, tí ojú yín ń pọ́n léraléra, tí kókó pupa ń yọ lójúgun yín, mi ò ní ó dájú pé tèmi ló ń ṣe yín. Ẹ ṣáà kó gbogbo rẹ̀ lọ bá dókítà kan náà, lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú orúkọ tí bàbá yín sọ yín.

Lọ́jọ́ tí mo padà sábẹ́ páànù wa, mo dúró láàárín àwọn obìnrin náà. Mo ní, "Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń wúkọ́, mo sì ń fi pamọ́ fún yín."

Wọ́n wo ara wọn.

"A mọ̀," Ìyá Tólú wí, kò dáwọ́ obì tó ń ṣà dúró.

"Ẹ mọ kí ni?"

"Ikọ́ náà ni. Ṣé ìwọ rò pé ògiri yẹn nípọn ni? Gbogbo wa là ń gbọ́ ọ."

Orí mi tún gbóná. "Ẹ gbọ́, ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Ìwọ tí ò ń sá lọ sẹ́yìn ilé, kí ni a fẹ́ sọ fún ọ? Orin la ń kọ, kí oníbàárà má baà gbọ́."

Mo rántí gbogbo orin tí wọ́n ti kọ láti ọdún kan ó lé, àti bí mo ṣe ń dúró sẹ́yìn ògiri, tí mò ń gbọ́ wọn, tí mò ń ṣépè fún wọn nínú ìborùn mi. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ojú mi òsì sì ti lọ sí i. Inú ń bí mi sí wọn di òní. Mi ò sì mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìyá Tólú kò dúró de ọpẹ́. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sí apá òsì mi. Ibẹ̀ ló ń jókòó sí báyìí. Bí mo bá ṣa obì tán, á fa apẹ̀rẹ̀ náà sọ́dọ̀, á wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Lánàá, oníbàárà méjì dúró lórí wa, ikọ́ gbé mi. Mi ò dìde. Mo fi ìborùn bo ẹnu, mo wú u níbi tí mo jókòó sí. Ẹnikẹ́ni kò kọrin.